Fíùsì Tí Kò Jó

Bọ̀dá Lyle,

Ẹ kú òtútù Alaska o. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? A ti kórè àgbàdo tán, orúnkún ló ṣì ń yọ Màmá lẹ́nu.

Bàbá fẹ́ pa wá o! Wọ́n gbé bátìrì ọkọ̀ lọ sí búùtù torí eré ìje, wọ́n ki wáyà rẹ̀ tó lọ sí ẹ́ńjìnnì gba ihò irin láìfi rọ́bà sí i. Irin bó wáyà. Lánàá, èéfín rú lábẹ́ ìjókòó Màmá!

Bàbá ní, "Kí lò ń pariwo sí? Wo fíùsì, kò jó!"

Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì níwájú ni wọ́n fi í sí! Iná ti já sára irin lójú ọ̀nà kó tó dé ibẹ̀, báwo ló ṣe máa jó?

Ẹ bá mi pè wọ́n, kí wọ́n gbé fíùsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ọlọ́run á dá yín sí.

Màmá ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rin máìlì mẹ́rin lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbúrò yín,
Noreen