Wọ́n Lé Dádì Mi, Wọ́n Tún Ń Wá Kọ́ṣẹ́ Nílé Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi.

Líìgì ò tíì gbóná rárá tí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tí dádì mi jẹ́ kóòṣì fún fi lé e dànù, wọ́n sì fi igbákejì rẹ̀ rọ́pò. Àmọ́ tí ìdíje bá ti ku ọ̀la, àwọn agbábọ́ọ̀lù á yọ́ wá sí pálọ̀ wa. Ẹni tó ga jù nínú wọn ti forí fọ́ gílóòbù wa. Dádì á to ìdérí ìgò sórí tábìlì, á máa fi ibi tí kálukú máa sá gbà hàn wọ́n. Wọ́n borí ní Sátidé, kóòṣì tuntun lẹ sì ń yìn lórí rédíò.

Mọ́mì ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, wọ́n lé yín, ẹ tún ń bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?"

Dádì ní, "Àwọn ọmọ ni mò ń kọ́, mi ò kọ́ ọ̀gá wọn."

Mọ́mì bá ní mi ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́. Ó dá mi lójú pé dádì mọṣẹ́ ju ẹni tó gba ipò rẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá ń bá wọn borí báyìí, tí ẹlòmíì ń gba ìyìn rẹ̀, ta ló máa wá gbà á síṣẹ́?

Ọ̀la ni wọ́n tún ń bọ̀. Mo máa ṣílẹ̀kùn, torí ìgbà yẹn nìkan ni dádì máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ bàbá yín ńkọ́?