A Ti Rí Zoé

                                                  Akpakpa,
                                                  Kútọnú,
                                                  Dahomey.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 1961.

Safurat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ikọ́ Hàwáù ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti fi í sílẹ̀ pátápátá? Mo gbọ́ pé àgbàdo ṣe dáadáa ní Pobè lọ́dún yìí, inú mi sì dùn. Ara tèmi le, iṣẹ́ aṣọ rírán náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, wọ́n sì jókòó tì mí báyìí láti rí i pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí mo kọ sí ọ kẹ́yìn kò dùn ún kà. Inú ìpayà ni mo ti kọ ọ́. Èyí yàtọ̀, fọkàn balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Zoé, tí ó kú kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ibà ló pa á ní 1933, nígbà tí àwọn òbí mi ṣì ń gbé ní abúlé Agblangandan. Àwọn àgbà ilé lọ sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí bàbá àti ìyá mi tẹ̀ lé wọn, nítorí èèwọ̀ ni kí òbí rí ibojì ọmọ rẹ̀. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀, wọn kò béèrè mọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, wọ́n di ọwọ́ ìyá mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn wà ní Agblangandan. Mo tún ibẹ̀ ṣe." Wọn kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń wá ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ, koríko àti àgbélébùú tí ikán ti jẹ ni a ń bá. Ní oṣù tó kọjá, Fadá tuntun kéde pé wọn yóò fẹ ṣọ́ọ̀ṣì náà lójú, pé ibojì tí kò bá lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn yóò kó egungun inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù sínú ihò kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lẹ́yìn àjọ̀dún àwọn òkú. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu ìyá mi. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, wọ́n á ní, "Wọ́n máa kó ọmọ mi mọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí." 

Ó wá di ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Olùkọ́ Léopold, tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní kí gbogbo wa lọ dágbére fún ilé àtijọ́ náà kí wọ́n tó wó ògiri rẹ̀. Ó ṣètò eré kan. Ó fi àpótí páànù kan pamọ́ síbẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn pépà kéékèèké, tí ọ̀kan ń júwe ibi tí èkejì wà, títí dé ibi tí àpótí náà wà. Ẹni mẹ́ta mẹ́ta ni yóò máa wá a. N kò fẹ́ lọ. Ìyá mi ló ní kí a lọ, nítorí ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí wọn yóò tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Mùílíù àbúrò rẹ ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Ó fẹ́ dúró sínú mọ́tò, ṣùgbọ́n èmi àti ìyá mi kò pé mẹ́ta, ni Léopold bá fà á wọlé. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti sọ ọ́ ná.

Safurat, ilé yẹn dára. Gbogbo ìgbà tí mo ti lọ síbẹ̀, n kò wò ó rí. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, ó nípọn bí apá mi ṣe gùn. Àwọn baba ńlá àwa Agùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ, wọ́n sì gbẹ́ òdòdó àti ẹyẹ sára ilẹ̀kùn. Pépà àkọ́kọ́ ní kí a wá ẹni tó ń pe gbogbo ènìyàn wọlé tí òun fúnra rẹ̀ kì í wọlé. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé agogo ni. Pépà ìdí agogo rán wa lọ sí ìdí àwo omi mímọ́. Ti ibẹ̀ sì sọ pé: "Gbogbo wa kọjú sí ìlà-oòrùn, èmi nìkan ni mo kọjú sí ọ̀sà." Bí gbogbo ènìyàn ṣe sáré jáde lọ sáàárín ibojì nìyẹn.

Àwọn yòókù gba ọ̀dọ̀ àwọn ibojì ńlá lọ. Mùílíù ní ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ kò ní gbé e sí gbangba. Ó kọjá sí igun kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n kó ògbólógbòó páànù òrùlé jọ sí. Ó ń gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣọ́ra fún ejò, ló bá dúró.

"Àǹtí Yvonne," ó ní, "sìmẹ́ǹtì wà níbí. Wọ́n kọ nǹkan sí i."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ojú sìmẹ́ǹtì kékeré kan ni, kò tó ìdajì ẹní. Wọ́n fi àfọ́kù àwo tánńganran to lẹ́tà sí i nígbà tó ṣì tutù: Z, O, E, àti 1933 lábẹ́ rẹ̀. Z náà kọ ẹ̀yìn síwájú. Mọlémọlé ni bàbá mi, wọn kò sì lọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Mùílíù ló lọ di ìyá mi lọ́wọ́ mú wá.

Wọn kò sunkún. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ àwọn àfọ́kù náà, tí òdòdó aláwọ̀ aró wà lára wọn. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Àwo mi nìyí."

Mo bi wọ́n pé àwo wo.

"Èyí tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Mo wá a títí lọ́dún yẹn. Bàbá rẹ ní ewúrẹ́ ló fọ́ ọ." Wọ́n tún tọ Z náà. "Mo bá bàbá rẹ bínú fún oṣù kan gbáko nítorí àwo. Kò fèsì."

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, nítorí mo rí èèkàn tí wọ́n fi ẹfun kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ògiri tuntun yóò gbà. Mo sáré lọ pe Bàbá Adéògún, katikísì àtijọ́ níbẹ̀. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n kà á, wọ́n sì lọ mú Fadá wá. Ọ̀dọ́ ni Fadá náà. Ó wo sìmẹ́ǹtì, ó wo ìyá mi, ó rọra béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí a gbé ọmọ náà lọ síbòmíràn.

"Ẹ jẹ́ kó sùn," ni ìyá mi wí.

Fadá fúnra rẹ̀ ló fa èèkàn náà tu. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn kó tó tún un gbá mọ́lẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì náà yóò kàn tóóró díẹ̀ lápá ibẹ̀ ni. Bàbá Adéògún sì kọ orúkọ Zoé sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lójú wa.

Àpótí ńkọ́? Àwọn ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Ganhi ló rí i. Bisikíìtì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in kárí. Ìyá mi jẹ méjì nínú mọ́tò bí a ṣe ń bọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo sunkún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń kó egungun, ọjà ni ìyá mi lọ, wọ́n ra ẹja.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko Hàwáù lẹ́nu. Kí ìyá ọkọ rẹ náà dáadáa.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé nígbà tí ìyá mi fẹ́ rán mi níṣẹ́. Orúkọ tó jáde lẹ́nu wọn ni Zoé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú, mo sì dìde lọ jẹ́ iṣẹ́ náà.

                                                  Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
                                                  Yvonne.