Ọ̀rá Ikùn Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi obìnrin àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn ò pa ọ́ lára? Olúwa kò ní jẹ́ kí á fi ẹkún kí ara wa. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Atẹ́gùn ká páànù orí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. Gbogbo àlàyé tí o ṣe nígbà tí o wálé ló yé mi. O ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n ń ba ibi tí ara ti ń pèsè ohun tó ń kápá ṣúgà jẹ́, òun ló fa àtọ̀gbẹ rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. O ní àwọn dókítà yín ń bu ọ̀rá díẹ̀ lábẹ́ awọ ikùn èèyàn, wọ́n ń ṣa ohun kéékèèké kan bí irúgbìn nínú rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò, wọ́n á wá dá a padà sára kí ó lọ pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà nínú. O ní wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í dúró di ìgbà tí oníbàárà bá dé kí n tó wá pákó.

Ìwọ náà mọ bí àbúrò rẹ ṣe rù tó. Níbo ni wọn yóò ti rí ọ̀rá bù? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ọ: búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì aládùn. Mo tún wá rí i pé ikùn yẹn gan-an ló ń gún abẹ́rẹ́ ṣúgà rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Pákó tí a fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn, ta ló ń kan ìṣó sí i káàkiri? Mo ní kó sinmi abẹ́rẹ́ ná. Ó ní ìwọ lo sọ pé òun ò gbọdọ̀ fò ó, mo ní ta ni bàbá nínú wa. Mo gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi.

Ọ̀rá náà ò tíì yọ, kí n má purọ́. Ńṣe ló ń rù sí i, omi ló sì ń mu ṣáá. Lánàá ó ń bì, ìyá rẹ ń sunkún pé kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo ní ìdọ̀tí ni ara ń tì jáde. Láti àárọ̀ yìí ara rẹ̀ ti wá rọlẹ̀. Ó ń sùn fọnfọn, ó ń mí kanlẹ̀, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù. Ìyá rẹ pè é títí, kò dáhùn. Mo ní kó fi í sílẹ̀, oorun ló ń mú èèyàn sanra. Nígbà tí fóònù ń dún tí mo rí i pé ìwọ ni, mo pa á, kó má bàa jí i. Má bínú sí mi.

Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Bá mi bẹ àwọn dókítà náà. Bí ọ̀rá tirẹ̀ ò bá tó, kí wọ́n bu tèmi. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí ju bí mo ṣe ń fi hàn án lọ.

Ìyá rẹ tún ń pè mí báyìí, ó ní ẹsẹ̀ àbúrò rẹ tutù. Mo fẹ́ lọ fi aṣọ bò ó.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ìwọ àti àbúrò rẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sin wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.