Wọ́n Ní Kí N Wá Dúró Ti Sámúẹ́lì

Bàbá mi, tí mo ń pè tí ẹ ò jẹ́ mi mọ́,

Àwọn alàgbà ìjọ tún wá sílé lánàá. Màmá gbé àga fún wọn, mo gbé omi wá, wọn ò mu ún. Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ti mú Sámúẹ́lì, ọkọ mi, láti gba ipò yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá máa tọ́ àwọn ọmọkùnrin ìjọ, ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró tì í níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń ṣe àkóso ilé rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀ mí kí n kó ẹrù mi, tí mo kó wá sọ́dọ̀ Màmá lẹ́yìn ìsìnkú yín, padà sílé Sámúẹ́lì kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé.

Bàbá, inú ń bí mi sí yín. Mi ò rò pé mo lè kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí òkú, àgàgà òkú tí mo fẹ́ràn. Tí mo bá rí awò ojú yín lórí tábìlì, mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, tí ẹ á gbé e sójú, tí ẹ á ní kò tíì mọ́. Omijé á bọ́. Lẹ́yìn náà inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ṣé ẹ rántí ìdánwò yín? Gbogbo Àrámọkọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ á kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn ìsìn, ẹ á mú ẹnì kan nínú wọn, ẹ á bá a wí lójú gbogbo wọn lórí ohun tí kò ṣe. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, tó dúpẹ́, tí kò gbèjà ara rẹ̀, ẹ á ní ó ti ń dàgbà nínú Kristi. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe é, ẹ á ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdòwú ọmọ káfíńtà jiyàn títí ó fi fi kíláàsì sílẹ̀, ó gba Ẹ̀fọ̀n lọ. Sámúẹ́lì ò jiyàn rí.

Èmi ni mo rí ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ bá a wí lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dúpẹ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì ta ewúrẹ́ Màmá nípàá nínú títí ewúrẹ́ fi wólẹ̀. Mo sá wá sọ fún yín. Èmi lẹ bá wí, pé mò ń ṣọ́ ọkùnrin lẹ́sẹ̀. Ẹ fi mí fún un tayọ̀tayọ̀, ẹ sì ń sọ ọ́ kiri dé Ìjerò pé ẹ ti rí àna tí kì í bínú.

Òótọ́ ni, kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí mo sè fún àlejò rẹ̀ láti Àkúrẹ́, ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó yìn mí lójú wọn, ó sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọ mọ́tò. Ó padà wá, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ará ilé kejì ò gbọ́ ohùn kankan. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ká kúnlẹ̀ fún àdúrà ìdílé. Ó gbàdúrà náà bí ẹ ṣe kọ́ ọ, mo sì ń fi ètè wíwú ṣe àmín.

Mo gbé ètè yẹn wá bá yín. Ẹ wò ó, ẹ ka Bíbélì fún mi, ẹ di iṣu fún mi, ẹ sì sìn mí padà sílé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí lẹ ń rò lójú ọ̀nà yẹn, Bàbá? Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni, àbí ẹ gbà mí gbọ́ tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ irú ọkùnrin tó ti kíláàsì yín jáde? Èyí dùn mí ju lílù lọ.

Mo pàdé Ìdòwú lọ́jà Ẹ̀fọ̀n láìpẹ́ yìí. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a jiyàn nítorí pákó kan, lójú gbogbo ayé, òun náà ń fèsì, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró, mò ń wò wọ́n bí ẹni tí ebi ń pa.

Àwọn alàgbà ní iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ bà jẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó wà ní kíláàsì yẹn báyìí, mo mọ ìyá wọn, mo sì mọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n máa fẹ́.

Mi ò ní kó ẹrù mi padà. Ṣùgbọ́n màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá dúró ti Sámúẹ́lì bí ẹ ṣe fi lélẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní rárá, màá sì sọ ohun tó ń ṣe nínú ilé, kí àwọn ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ká ní ẹ wà láàyè ni, ẹ̀yin lẹ ò bá bi mí ní ìbéèrè náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ ò bá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.