Ohun Tó Ń Dí Yákúbù Lọ́wọ́ Níwájú Àwọ̀n

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́, Asawase

Ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní kí n kọ èrò mi wá lórí Yákúbù: ṣé kó ṣì wà pẹ̀lú wa ni, àbí kó máa lọ. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí, atamátàsé wa yìí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé.

Mo wò ó dáadáa lórí pápá láàárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, á kọ́kọ́ yíjú wo ibi tí mo jókòó sí.

Mo pè é. "Kí lo ń wò lọ́dọ̀ mi?"

"Báírò yín ni, kóòṣì. Mo máa ń ro ohun tí ẹ fẹ́ kọ."

N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo na ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí lórí pápá sí i. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju pé ó sáré dáadáa, kó sì máa mu omi sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà, ó sì sáré padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó tún gbá a, bọ́ọ̀lù ba òpó, ó ta padà. Ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo kọ ọ́ pé kó ṣì wà pẹ̀lú wa. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù. "Ṣé ó ti ń gbá a wọlé ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ọrùn ẹ ló wà o."

Ọrùn mi ló wà lóòótọ́. N kò mọ̀ bóyá ó máa jẹ góòlù lọ́jọ́ Àìkú, àmọ́ òun ni màá kọ́kọ́ fi sórí pápá.