Ìbéèrè Tí N Kò Bi Ẹ̀gbọ́n Wa

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Òpópónà Kóòtù.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Gègé, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun bí ẹni tó ń la igi? Mo kí gbogbo yín pátá. Ní tèmi, ara le, mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkàn nìkan ni kò tíì bá ara dọ́gba.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́jọ́ Ajé. Inú mi dùn dọ́ba nígbà tí mo kà á pé wọ́n ti fún ọ ní ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ máa dúró fún. Ìwọ tá à ń pè ní Gègé torí pé bíírò kì í kúrò létí rẹ, ìwọ náà ti di lọ́yà tí wọ́n ń wá kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó o ti sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ ni oníbàárà náà, pé o mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, pé kò sídìí láti máa da ìbéèrè bò ó, mo gbé lẹ́tà náà kalẹ̀. O ní kí n kọ àwọn àṣìṣe tí lọ́yà kò gbọdọ̀ ṣe nínú irú ẹjọ́ yìí ránṣẹ́. Mo gbìyànjú láti tò wọ́n ní ení èjì, kò ṣeé ṣe. Èyíkéyìí tí mo bá kọ, ojú ẹ̀gbọ́n wa ni mò ń rí. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo máa sọ fún ọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ tiwọn lọ́hùn-ún, pé mo ta ẹ̀gbọ́n mi ní kóòtù. Gbọ́ tẹnu mi náà. Kò sí àṣírí oníbàárà kankan tí mo ń tú níbí. Òun fúnra rẹ̀ ti rò ó fún ìyá tó bí èmi àti òun, ìyá wa sì ti rò ó fún gbogbo ẹbí.

O mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ìyá mi, jẹ́ sí mi. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, òun ló ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Orí tábìlì gbọọrọ tó fi ń ya àwòrán ilé ló ti kọ́ mi ní ìwé kíkà. Òun ló kọ́kọ́ pè mí ní lọ́yà, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, torí pé ẹnu mi kì í dákẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ láti ìlú tí wọ́n ń gbé, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. O rántí ọ́fíìsì wa, níbi tí ariwo máṣíìnì aránṣọ ti máa ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọlé. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ní ìyàwó òun ti kúrò nílé láti oṣù márùn-ún, pé ó fi ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méje, sílẹ̀ fún òun, kò pè, kò kọ̀wé. Ó ní òun fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ sì wà lọ́wọ́ òun. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló bú sẹ́kún. Gègé, mi ò rí omi lójú ẹ̀gbọ́n wa rí, àní lọ́jọ́ tá a sin bàbá wa. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bá a sunkún. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kúrò ní lọ́yà, tí mo di àbúrò.

Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ máa wà. Mo ṣèlérí ohun tí adájọ́ nìkan lè fúnni, kí n tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé.

Ọ̀gá wa gbọ́ ọ. Bàbá arúgbó yẹn kì í bá èèyàn jà, ìbéèrè ló máa ń bi èèyàn. Ó pè mí wọlé, ó ní, "Ṣé o ti bi í ní ìbéèrè tó máa bí i nínú?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ó ní, "Ohun tó jẹ́ kí n béèrè nìyẹn."

Ó ní kí n gbé fáìlì náà fún lọ́yà kejì tá a jọ ń lo yàrá kan náà. Mo kọ̀. Mo tilẹ̀ bínú sí i lọ́kàn mi, mo rò pé ó ń fojú kéré mi ni.

Bí mo ṣe jókòó ti ìwé ìbúra nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé obìnrin náà já ọmọ jù sílẹ̀. Mi ò béèrè ibi tó lọ. Mi ò béèrè ẹni tó rí i kẹ́yìn. Kò sì tó mi bẹ́ẹ̀. Wàá rántí pé Lọ́yà Wa ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa máa ń pè mí. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, a jọ ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì mi lọ́jọ́ kan, ó sì sọ fún mi pé lẹ́yìn tí òun bímọ, ìbànújẹ́ kan bo òun mọ́lẹ̀ tí òun kò fi lè gbé ọmọ náà mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé dókítà ló bá òun tọ́jú rẹ̀ tó fi lọ. Ó ní yàtọ̀ sí ọkọ òun, èmi nìkan lòun sọ ọ́ fún. Gègé, mo kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù. Ẹ̀gbọ́n wa kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́, èmi ni mo rán an létí. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Nínú oṣù Kejìlá, lọ́yà ìyàwó kọ̀wé sí mi. Obìnrin kan tó máa ń wọ bàtà pẹlẹbẹ ni, Ìyá Jẹ́jẹ́ là ń pè é láàárín ara wa. Ó ní kí a jọ jókòó kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́, pé ìyàwó kò ní kí bàbá má rí ọmọ, kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kó máa lo ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ bàbá. Mi ò gbé lẹ́tà náà lọ síwájú ẹ̀gbọ́n wa kó rò ó wò. Mo kọ èsì ojú ìwé mẹ́ta, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló ní ẹ̀gún. Ẹ̀yìn tí mo ti fi í ránṣẹ́ ni mo kà á fún un lórí fóònù, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó náà pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn. Mi ò gbé e. Ìyẹn tọ̀nà, ìwọ náà mọ̀, nítorí ó ti ní lọ́yà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ mí lóminú pé ẹni tí wọ́n ní kì í pe ẹnikẹ́ni ń pè mí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá ká lọ sí kóòtù, Ìyá Jẹ́jẹ́ fi àwọn ìwé tí wọ́n máa lò ránṣẹ́, ó nípọn bí bíríkì. Mo ka ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo sọ fún ara mi pé irọ́ ni, mo sì gbé ife tíì lé e lórí. Ìyókù wà níbẹ̀ títí ọjọ́ fi pé.

Yàrá kóòtù kún lọ́jọ́ náà. Fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, ó ń dún kírìkírì. Mo sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé mo sọ ọ́ dáadáa. Mo ka ọ̀rọ̀ kíṣìnnì yẹn sókè, etí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ wá rí gbọ́ ọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, mo rí ọ̀pá irin tó gbé ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò sì ronú kan ohunkóhun.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wá dìde. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní kí adájọ́ ṣí ojú ìwé ọgọ́ta. Ìwé ọsibítù ni. Eegun ẹ̀yìn obìnrin náà ló bàjẹ́, oṣù mẹ́rin ló fi wà lórí ibùsùn ní ìlú mìíràn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ń kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́ nílé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìwé tí ẹbí máa ń fọwọ́ sí kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ló wà níbẹ̀. Mo mọ ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn kan náà ló ń fọwọ́ sí ìwé èsì ìdánwò mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Adájọ́ bọ́ jìgì ojú rẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé ẹ ti ka ìwé yìí kí ẹ tó dé ibí?"

Mo ní, "Rárá, Olúwa mi."

"Ṣé ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n wa. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Adájọ́ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti sán. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá kọ ìwé yẹn bí mo ṣe fẹ́ ẹ?" Mo ní rárá. Ó ní ó ti rẹ òun, pé dókítà ò lè sọ bóyá obìnrin náà máa tún rìn dáadáa láé, pé òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kọ aláìsàn sílẹ̀. Ó sàn kó jẹ́ pé ìyàwó ni wọ́n máa sọ pé ó lọ. Ó wá sọ èyí tí kò tíì kúrò létí mi. Ó ní lọ́yà méjì lòun kọ́kọ́ lọ bá. Èkíní bi í léèrè ibi tí ìyàwó wà. Èkejì ní kó mú nọ́ńbà fóònù ìyàwó náà wá.

"Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ pé kò ní bi mí ní nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yin èèyàn.

Mo sọ fún un pé mi ò lè padà wọlé pẹ̀lú ìwé yẹn, pé kó fẹnu ara rẹ̀ tún un ṣe, tàbí kí n bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n ṣe bó ṣe wù mí. Mo wọlé, mo bẹ adájọ́ pé kí wọ́n má fi ìwé ìbúra náà ṣe ohunkóhun, kí wọ́n sì jẹ́ kí n yọwọ́ nínú ẹjọ́. Mo ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ kíṣìnnì náà rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́ lórí ìwé.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá mi síta. Ẹ̀gbọ́n wa wá lọ́yà mìíràn, ọkùnrin kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyẹn béèrè gbogbo ìbéèrè, ó sì mú un lọ jókòó pẹ̀lú Ìyá Jẹ́jẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan: ọmọ lọ́dọ̀ ìyá, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá. Ohun tí wọ́n fi lọ̀ mí nínú oṣù Kejìlá náà ni. Oṣù méje ni mo fi gún ọmọ kékeré yẹn lọ́kàn lásán.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, mo gba àyè lọ́wọ́ Ìyá Jẹ́jẹ́, mo lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa. Ó ń rìn, díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àga fún mi. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọsibítù, ọkọ òun sọ fún òun pé gbogbo wa la gbọ́ nípa àìsàn òun, pé a kàn ní ká má yọ òun lẹ́nu ni. Gègé, oṣù mẹ́rin ló fi ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá màá yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí èyí tí mo kọ nípa bí òun ṣe kúrò nílé jì mí, torí pé wọ́n purọ́ fún mi. "Ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ fún yín nídìí abọ́," ó ní, "ta ló purọ́ ìyẹn fún yín?" Mo dìde, mo lọ.

Mo ń bínú sí ẹ̀gbọ́n wa, mi ò ní parọ́. Kì í ṣe torí ìtìjú iwájú adájọ́. Ó mọ bí mo ṣe fẹ́ràn òun tó, ó díwọ̀n rẹ̀, ó sì rí i pé ó tó láti fi dí mi lójú. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dúró sórí ìbínú yẹn pẹ́, torí bí mo bá ti fẹ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀, mo máa ń rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí a fi ń nu abọ́ lọ́wọ́.

Nítorí náà, pe ọ̀rẹ́ rẹ wá. Ti ilẹ̀kùn. Bi í ní ìbéèrè tó máa bí i nínú, kó o sì wo ojú rẹ̀. Bó bá bínú lọ, jẹ́ kó lọ, lọ́yà mìíràn á gbà á. Ka gbogbo ìwé tí ẹ̀gbẹ́ kejì bá fi ránṣẹ́, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Má ṣèlérí ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọkọ rẹ̀ bá sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, jẹ́ kó wà níbi tó sọ ọ́ sí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Kí ìyá rẹ dáadáa fún mi. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá lóòótọ́ ni mo ta ẹ̀gbọ́n wa, jókòó tì wọ́n, kí o ka lẹ́tà yìí sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má fo ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ kíṣìnnì.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lọ́yà.