Jósẹ́fù Olú Méjì Lórí Máàpù Kan

Kabba, Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Nígbà tí mo ń so àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Iffe, ìlú kan nítòsí wa níbí, mọ́ máàpù oko wọn lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ ni mo fi so ó, n kò lo nọ́ńbà oko. Jósẹ́fù Olú méjì ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kó oko àwọn méjèèjì fún ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe tẹ máàpù náà jáde fún un.

Ìyá Jósẹ́fù kejì pè mí lọ́sàn-án. "Okun o, ọmọ mi," ó kí mi bí a ṣe ń kíra níbí. "Jósẹ́fù kejì yẹn àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gé káṣú wa. Wọ́n ní máàpù rẹ ló fún àwọn nílẹ̀ náà. Àwọn ọmọ mi ti mú àdá."

Mo tún un so, mo tẹ òmíràn jáde, mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ pé àṣìṣe mi ni.

Jósẹ́fù àkọ́kọ́, tó ń gé igi, ká máàpù tí mo kọ́kọ́ fún un sápò. "Èyí ni ẹ fún mi."

Ilẹ̀ tó ṣú ló jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mi. Olúwa, ilẹ̀ á sì tún mọ́.